Ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó: ohun tó máa ṣe fún yín àti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́nì kan má bàa bínú: mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa ro ìkọ̀sílẹ̀ kó tó wọ aṣọ ìyàwó o. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ kọ tiwa, màámi wò mí títí, wọ́n ní "Ṣé o ti ń di ẹrù àtibọ̀ kó o tó dé ibi tó ò ń lọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀ àmọ́ mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Lójú wọn, ìwé àdéhùn yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní prenup, tí ẹni méjì fi ń kọ ohun tó jẹ́ ti oníkálùkù sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, nǹkan àwọn olówó òyìnbó inú fíìmù ni, ẹni tó ní ilé mẹ́jọ tó ń bẹ̀rù kí ìyàwó má lọ gbé mẹ́rin lọ. Èmi tí mò ń ta léèsì ní ọjà Gbági nílùú Ìbàdàn, kí ni mo ní tí màá máa kọ sílẹ̀?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó rárá. Ní Nàìjíríà tiwa níbí, ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀ ló nílò ẹ̀ jù, pàápàá ẹni tó ń náwó nílé tí kò sì sẹ́ni tó ń rí i. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí ẹ̀, lẹ́yìn náà màá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?

Nílẹ̀ yìí, kò sí òfin tó sọ pé torí pé ẹ ti fẹ́ra, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní ti di ti ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí risíìtì ilẹ̀, òun ni kọ́ọ̀tù á kọ́kọ́ kà sí ẹni tó ni ín, ẹnì kejì tó bá ní òun náà dá sí i, òun ló máa mú ẹ̀rí wá. Ó dáa, ẹ wá wo bó ṣe ń lọ nílé wa. Ọkọ ra ilẹ̀, orúkọ ọkọ ló wà níbẹ̀. Ìyàwó ló ń ra omi tí àwọn birikilà fi ń po símẹ́ńtì, òun ló ń se ìrẹsì fún wọn, òun ló fi owó àjọ ẹ̀ ra páànù nígbà tí owó ọkọ tán, òun náà ló ń sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ kí ọkọ lè rí owó bílọ́ọ̀kù san. Èwo nínú gbogbo ẹ̀ ló ní risíìtì? Ta ló ń gba risíìtì lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ kẹ̀?

Ẹjọ́ kan wà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ní 1992, Amadi àti Nwosu ni wọ́n ń pè é. Ọkọ ta ilé fún ẹlòmíràn, ìyàwó ní òun ò kúrò ńbẹ̀, pé òun náà dá sí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Kọ́ọ̀tù ní ó yẹ kó lè sọ iye tó dá, kó sọ ohun tó dá, kó là á sílẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀. Kò rí i là sílẹ̀, ó sì pàdánù. Ọjọ́ tí mo gbọ́ nípa ẹjọ́ yẹn, ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà ni mo rántí, torí owó èlùbọ́ màámi ló kan òrùlé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí bébà kankan níbì kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀fọ́ wọn lọ.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nǹkan yìí ò tiẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn ìyá wa àgbà, owó wọn lọ́tọ̀, owó ọkọ lọ́tọ̀, obìnrin tó ń ṣòwò aró tàbí aṣọ òkè, tiẹ̀ ni èrè ẹ̀, ọkọ ò lè kàn nawọ́ mú un. Àmọ́ apá kejì àṣà yẹn le o: tí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì, ìyàwó kì í jogún ẹ̀, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìdí igi ni wọ́n sì sábà máa ń fi pín in, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ fún un ni wọ́n á pín in sí. Nítorí náà tó o bá bí ọmọ márùn-ún fún un, tí ẹnì kan níta sì bí ẹyọ kan ṣoṣo, ìdí igi tiẹ̀ àti tìẹ dọ́gba. Kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ sí ìdí igi yìí látìgbà pípẹ́, láti ìgbà ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Páànù tó o fowó àjọ rà wà lára ohun tí wọ́n ń pín yẹn, àfi bí ìwé bá wà tó sọ pé apá kan ilé ọ̀hún kì í ṣe ti olóògbé. Ìdí àkọ́kọ́ tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ nìyẹn, kò sì kan ìkọ̀sílẹ̀ rárá.

Ibi tágbára ẹ̀ mọ

Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín jẹ pé tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ó parí. Òfin tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ wa ni Matrimonial Causes Act ti 1970, abala 72 ló mẹ́nu ba àdéhùn lórí dúkìá, ì báà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ṣe ṣáájú ìgbéyàwó tàbí èyí tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé adájọ́ lè lò ó bó bá ṣe rí i pé ó tọ́. Ẹ ṣàkíyèsí "bó bá ṣe rí i pé ó tọ́" yẹn. Tí ìwé yín bá jẹ́ èyí tó fún ẹnì kan ní gbogbo nǹkan tó sì lé ẹnì kejì síta pẹ̀lú báàgì kan, adájọ́ lè tì í sẹ́yìn. Ìwé tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ló máa ń dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, tẹ́ ẹ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó, òfin yẹn ò kàn yín, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ bíi ti Mápó lẹ máa bára yín, ṣùgbọ́n ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ṣì jẹ́ ẹ̀rí tó ju ẹnu lásán lọ. Ẹ̀yin oníyìgì náà, àyè wà fún ìyàwó láti sọ májẹ̀mú tiẹ̀ kí wọ́n tó so ó, sàdáàkì, ìyẹn ohun tí ọkọ ń fún ìyàwó nítorí yìgì, sì jẹ́ ti ìyàwó nìkan, kì í ṣe ti bàbá ẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ. Ẹ jẹ́ kí ààfáà kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí ti wà ńbẹ̀ náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀

Ibi tó le jù nìyí, ó le ju owó lọ́yà lọ. Ẹ má fi WhatsApp sọ ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tá a bá kọra wa" tàbí "màámi ní kí n bi ọ́". Ohun tí èmi sọ ni pé "Mo fẹ́ ká mọ ohun tí oníkálùkù ń gbé bọ̀ nílé, àtèyí tó dáa àtèyí tí ò dáa, kó má jẹ́ pé inú ilé la ti máa bá a." Ọkọ mi dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní "Ṣé ẹnì kan sọ nǹkan kan fún ẹ nípa mi ni?" Mo ní rárá o. Ó ní òun á ronú sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ronú, mi ò sì yọ ọ́ lẹ́nu lórí ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin náà ẹ fún ẹnì kejì láyè. Tẹ́nì kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ bi í ìdí tí kò fi fẹ́, torí ìdí yẹn gan-an lè ṣe yín láǹfààní ju ìwé lọ.

Àwọn àna ńkọ́? Ẹ má pè wọ́n sí i títí tẹ́ ẹ máa fi parí. Lẹ́yìn náà ẹ lè sọ fún wọn, ẹ má fi pamọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wà ńbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ẹbí méjì lẹ máa kọ, kì í ṣe ti tọkọtaya.

Mo ní, mo jẹ

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó wá lọ́yà rárá. Alẹ́ ọjọ́ Sunday kan ni tiwa, ó ku oṣù mẹ́rin sí ìgbéyàwó, wọ́n ti mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti kọ́ọ̀pù. A ya ewé nínú ìwé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ iṣẹ́ ilé ìwé, a fa ìlà sí i láàárín. A kọ "Mo ní" sí apá kan, "Mo jẹ", ìyẹn gbèsè, sí apá kejì, oníkálùkù gba ewé tiẹ̀.

Ọkọ mi kọ "Mo ní" tiẹ̀ kíá: ilẹ̀ plot kan ní Akóbọ̀, Corolla, owó tó wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn. Ó dé "Mo jẹ", bírò dúró. Ó ń ṣí ìdérí bírò, ó ń dé e, ó ń ṣí i. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́: 640,000 náírà. Kì í ṣe òun ló yá a o, ó ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ ti japa, kò gbé fóònù mọ́, ẹgbẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó nínú owó oṣù onídùúró. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti ń yọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tó ń sọ fún mi pé owó ò dúró lóṣù yìí, mo ti rò pé obìnrin ló ń gbé e fún, ẹ dárí jì mí.

Kí n tó lè bínú tán ló gba ewé tèmi. Mo ti kọ gbèsè léèsì tí mo kó láwìn lọ́wọ́ oníbàárà mi ní Èkó síbẹ̀, mo rò pé mo ti ṣe tán. Ó ní "Àjọ ńkọ́?" Mo ní àjọ kì í ṣe gbèsè, mo ti kó tèmi. Ó ní "O ti kó o, o ṣì ń dá a, àbí? Oṣù mélòó ló kù?" Oṣù méje ló kù. Mo gba bírò, mo kọ ọ́.

Àǹfààní tó tóbi jù nínú ìwé yìí, inú iyàrá yẹn la ti rí i, lọ́yà kankan ò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀: ilẹ̀, ọkọ̀, owó báǹkì, owó ẹgbẹ́, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, lóònù orí fóònù (ẹ má tijú, gbogbo wa la ti yá a rí), ẹni tẹ́ ẹ ṣe onídùúró fún, owó ilé ìwé àbúrò tẹ́ ẹ ń san, ọmọ tẹ́ ẹ ti bí sẹ́yìn tẹ́ ẹ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi nǹkan pamọ́ tí ọ̀rọ̀ wá dé kọ́ọ̀tù, ohun tó fi pamọ́ yẹn ni lọ́yà ẹnì kejì máa fi ba ìwé náà jẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú ẹ̀

Ìpín mẹ́ta ni, tèmi, tìẹ, tiwa. Tèmi àti tìẹ ò le, ohun tí oníkálùkù gbé wá àti ohun tí òbí bá fún un tàbí tó bá jogún. "Tiwa" lẹ máa pẹ́ lórí ẹ̀.

Ilé tẹ́ ẹ máa kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó sórí ilẹ̀ tí ẹnì kan ti rà ṣáájú, ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Bá a ṣe kọ tiwa ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ mi, a ò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé tó bá wà lórí ẹ̀ jẹ́ ti àwa méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálùkù bá dá. A ní ìwé pẹlẹbẹ kan tá à ń kọ ọ́ sí, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta àwa méjèèjì ń fọwọ́ sí i, oúnjẹ birikilà náà wà ńbẹ̀, omi wà ńbẹ̀. Ohun kan tí lọ́yà mi fi kún un tí ǹ bá má rántí: tó bá di pé ẹnì kan máa san ti ẹnì kejì fún un, iye tí nǹkan ń lọ lọ́jọ́ yẹn ni kó fi ṣírò, kì í ṣe iye tá a rà á. Ẹni tó bá ra símẹ́ńtì ní 2020 tó tún rà á ní 2024 mọ ìdí ẹ̀. Owó tó ra ọ̀pọ̀ àpò nígbà yẹn, ẹ fi owó yẹn kan náà fún un lónìí, ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ.

Òwò náà. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ pé òwò náà àti èrè ẹ̀ jẹ́ ti ta, kẹ́ ẹ sì sọ bí owó tí ẹnì kejì bá fi kún un ṣe máa jẹ́, ṣé ẹ̀bùn ni, ṣé yíyá ni, ṣé ó ti di alábàáṣe. Tẹ́ ẹ bá ní alábàáṣe níta, èyí máa jẹ́ kóun náà sùn dáadáa, torí kò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé yín wá di ọ̀rọ̀ ọjà òun.

Gbèsè: èyí tí oníkálùkù gbé wá, òun ló máa san án. Èyí tẹ́ ẹ bá jọ jẹ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ jọ san án, àmọ́ kó ní ìfọwọ́sí ẹ̀yin méjèèjì. A fi gbólóhùn kan sí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fẹ́nikẹ́ni mọ́ láìsọ fún ẹnì kejì. Ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Japa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú sí èyí dáadáa, nǹkan ìsinsìnyí ni. Tọkọtaya máa ta ọkọ̀, ìyàwó máa tú owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sí àkáǹtì ẹni tó fẹ́ lọ kàwé kó lè fi hàn pé òun lówó lọ́wọ́, físà á jáde, ẹni yẹn lọ. Tó bá dé ọ̀hún tí ọkàn ẹ̀ yí padà, àkáǹtì orúkọ ẹ̀ lowó wà, físà orúkọ ẹ̀ ni. Ẹni tó tú ṣọ́ọ̀bù ká wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ kọ iye tí oníkálùkù dá, ẹ kọ ohun tó máa tọ́ sí ẹni tó fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò náà. Ẹni tó jókòó sílé tọ́mọ kí ẹnì kejì lè ríṣẹ́ ṣe náà, bákan náà ni, àkókò tó fi tọ́mọ yẹn kò ní risíìtì láéláé àfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́.

Ẹni tó ti bímọ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ohun tó jẹ́ ti ọmọ yẹn sílẹ̀ kó má di ìjà láàárín àwọn ọmọ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ

Ẹ má kọ ẹni tó máa mú ọmọ. Kọ́ọ̀tù ò ní wo àdéhùn yín lórí ìyẹn, ire ọmọ ló máa wò lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tẹ́ ẹ ò tíì bí, báwo lẹ ṣe mọ ohun tó máa dáa fún un? Owó ìtọ́jú ọmọ náà, ẹ ò lè fi bírò pa á rẹ́. Ẹ má kọ pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ má fi ilẹ̀ ẹbí sí i bí ohun tẹ́ ẹ lè pín, ẹbí ló ni ín, ẹ̀yin kàn ń gbé orí ẹ̀ ni. Àwọn kan tún máa ń kọ pé tí ìyàwó bá sanra kó san iye báyìí, tí ọkọ bá pẹ́ níta kó san iye báyìí, wàhálà lásán nìyẹn, adájọ́ á kàn rẹ́rìn-ín yín.

Lọ́yà méjì, kì í ṣe ọ̀kan

Oníkálùkù pẹ̀lú lọ́yà tiẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ni, àwa náà fẹ́ fi ọ̀kan mú un jẹ, lọ́yà ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló kọ̀, ó ní òun ò lè gba ẹni méjì nímọ̀ràn lórí àdéhùn tí wọ́n jọ ń bára wọn ṣe. Ẹ lè dín owó kù tẹ́ ẹ bá ti kọ "Mo ní, mo jẹ" yín sílẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, kó má jẹ́ pé ọ́fíìsì wọn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀, wọ́n ń wé gèlè fún un láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n gbé ìwé wá, ọ̀dọ́kùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò, ó ní "Ọkọ ìyàwó ní kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ sí i". Ó fọwọ́ sí i, kí ló fẹ́ ṣe, pẹ̀lú àlejò nínú họ́ọ̀lù àti ọbẹ̀ lórí iná? Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bèèrè ni bóyá ó fọwọ́ sí i tinútinú. Èmi ní kẹ́ ẹ ti ṣe tán ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ ti parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra aṣọ ẹbí.

Tẹ́nì kan nínú yín ò bá mọ ìwé kà dáadáa, ní èdè òyìnbó pàápàá, kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n kà á fún un, ó sì yé e. Òfin fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí wà fún apá méjèèjì, kí gbogbo ojú ìwé ní ìfọwọ́sí, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston

Òfin ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má kàn gbé ìwé Ìbàdàn lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Radmacher àti Granatino ní 2010 ló yí nǹkan padà. Ọmọ olówó Jámánì kan àti ọkọ ẹ̀ ará Faransé ni wọ́n, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ní 1998 kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní tẹ́ni méjì bá fọwọ́ sí i tinútinú, tí ohun tó túmọ̀ sí yé wọn, kí wọ́n tẹ̀ lé e, àfi tí kò bá bójú mu láti fi dè wọ́n. Kò de adájọ́ lọ́wọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an. Ní 2014, àjọ tó ń ṣàtúnṣe òfin níbẹ̀ dábàá pé kó ti ní ìfọwọ́sí ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ lọ́yà sì ń tẹ̀ lé e.

Houston ní tiẹ̀, Texas ni, ohun tẹ́ ẹ bá ní láàárín ìgbéyàwó, òfin á kọ́kọ́ kà á sí ti ẹ̀yin méjèèjì àní tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ẹ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀bùn àti ogún. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé. Ẹ lè fi àdéhùn tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí yí ìyẹn padà, àmọ́ ẹ ò lè fi dín owó ìtọ́jú ọmọ kù. Ní California, ọjọ́ méje gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé tó parí fún yín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá wá ní ilé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ilẹ̀ méjèèjì wò ó, àgàgà ilé tẹ́ ẹ ń kọ́ sílé tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ló ń bá yín mójú tó o. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Wíìlì lọ́tọ̀

Ìwé àdéhùn kì í ṣe wíìlì, ẹ ṣì nílò wíìlì. Nǹkan kan sì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tẹ́ ẹ bá ti kọ wíìlì nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní àpọ́n, tẹ́ ẹ wá lọ ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, ìgbéyàwó yẹn ti pa wíìlì yẹn rẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé torí ìgbéyàwó náà gan-an lẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ kọ òmíràn.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, ṣé ó ti pẹ́ jù? Kò pẹ́ jù. Abala 72 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ka àdéhùn tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó mọ́ ọn. Ohun kan náà lẹ máa ṣe, ẹ ya ewé sí méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí "Mo jẹ", torí lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án "Mo ní" ti dà pọ̀, ẹ máa nílò láti jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kẹ́ ẹ tó lè tú u. Màámi ló ń bá wa di ẹ̀dà kẹta tiwa mọ́wọ́, ó wà nínú àpótí wọn lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n bi mí pé ṣé lọ́yà yẹn lè bá àwọn náà kọ ti òrùlé.